Láti Orí Veroboard Dé Orí Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ìrírí Àwọn Aṣàmúlò Sọ́fítíwíà Ìyàwòrán Pátákó Sákíìtì, àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Olùkọ́ ní Kàdúná

Àṣamọ̀

Pátákó sákíìtì ni egungun ẹ̀yìn rédíò, fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti ínfátà. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán pátákó náà, láti ìgbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ lẹ téèpù mọ́ ike títí di ìgbà sọ́fítíwíà. Ó wo ìrírí àwọn tó ń lo Proteus, EAGLE àti KiCad, ó sì fi ojú ìlú Kàdúná wo ọ̀rọ̀ náà. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ tó yan sọ́fítíwíà kan, ó yẹ kí ó béèrè ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà. Iṣẹ́ náà parí sí àbá lórí irú sọ́fítíwíà tó yẹ kí a fi kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la, àti lórí ipa tí èdè abínibí lè kó níbẹ̀.

Ìfáárà

Ẹṣin ni Hausa ń pè ní doki. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rìn lọ ní Kabala Doki lónìí, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kaduna North, ẹ̀rọ ni ojú rẹ̀ yóò bá pàdé ju ẹṣin lọ: sólà lórí òrùlé, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, ìsọ̀ àwọn tó ń tún fóònù àti ínfátà ṣe lẹ́bàá títì. Nínú gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ni pátákó pẹlẹbẹ kan wà, tó sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, tí àwọn atúnnǹkanṣe ń pè ní bọ́ọ̀dù tàbí pánẹ́ẹ̀lì. Bí bọ́ọ̀dù yìí bá jó, ẹ̀rọ ti di òkú.

Èdè Yorùbá ni iṣẹ́ mi, n kò kọ́ iṣẹ́ iná. Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìtàn irinṣẹ́ jẹ́ ara ìtàn ẹ̀kọ́. Irinṣẹ́ tí a bá fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni yóò sọ irú oníṣẹ́ tí ọmọ náà yóò dà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń kọ́ ní ẹ̀ka iná àti ẹ̀rọ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kò ní dúró sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré ni wọn yóò lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, níbi tí kọ̀ǹpútà kò ti pọ̀, tí owó sọ́fítíwíà kò sì sí nínú ètò ìnáwó. Ohun tí wọ́n bá gbé lọ́wọ́ kúrò lọ́dọ̀ wa nìkan ni wọn yóò ní. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wo ìtàn yìí dáadáa.

Ohun tí Pátákó Sákíìtì Jẹ́

Láyé àtijọ́, wáyà ni wọ́n fi ń so àwọn ẹ̀yà inú rédíò pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn mọ́ra. Iṣẹ́ náà pẹ́, àṣìṣe sì pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Austria kan, Paul Eisler, tó lọ gbé ní London, ló ṣe rédíò kan ní nǹkan bí ọdún 1936 tó jẹ́ pé ìlà bàbà tí a tẹ̀ mọ́ pátákó ló rọ́pò wáyà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀nà yìí gbilẹ̀ káàkiri ayé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó mú pátákó tí wọ́n ti fi bàbà bo ojú rẹ̀. A ó fi ohun tí omi kẹ́míkà kò lè jẹ bo ibi tí a fẹ́ kí iná gbà. Lẹ́yìn náà, a ó rẹ pátákó náà sínú omi ferric chloride. Omi yìí yóò jẹ gbogbo bàbà tí kò ní ìbòrí, yóò sì ku ọ̀nà bàbà tí a fẹ́. A ó lu ihò sí i, a ó ki ẹsẹ̀ rẹsítọ̀, kapásítọ̀ àti tiransísítọ̀ bọ inú ihò wọ̀nyí, a ó sì fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn mọ́lẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ọpọlọ wà ni àwòrán ọ̀nà bàbà náà. Ọ̀nà méjì kò gbọdọ̀ kan ara wọn níbi tí kò yẹ, èyí tó ń gbé iná púpọ̀ kò sì gbọdọ̀ tín-ín-rín.

Kàdúná Gẹ́gẹ́ bí Ìlú Iṣẹ́ Ọwọ́

Kò ya ni lẹ́nu pé Kàdúná ni a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1917 tí ó ti di olú ìlú Àríwá ni ìlú náà ti ń fa àwọn oníṣẹ́ mọ́ra. Ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Rédíò àti Tẹlifíṣọ̀n Kàdúná bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Peugeot dé ní 1975. Ní ti ẹ̀kọ́, Kaduna Technical Institute ti wà láti 1956, inú rẹ̀ sì ni Kaduna Polytechnic ti jáde ní 1968. Ọdún 1977 ni òfin dá NBTE sílẹ̀, àjọ tó ń ṣe àbójútó ètò ẹ̀kọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní gbogbo Nàìjíríà. Kàdúná ni olú ilé iṣẹ́ àjọ náà wà títí di òní.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ìlú yìí ti kógbá sílé. Ohun tó kù ni ilé ẹ̀kọ́ àti ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, irú èyí tó kún Panteka ní Tudun Wada. Nítorí náà, ìmọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá fi lé ọmọ lọ́wọ́ níhìn-ín ṣe pàtàkì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò sí ilé iṣẹ́ ńlá mọ́ tí yóò tún un kọ́ lẹ́yìn tó bá gba ìwé ẹ̀rí.

Ìgbà Téèpù àti Ìgbà Veroboard

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, tábìlì oníná àti abẹ ni irinṣẹ́ ayàwòrán pátákó. Yóò tẹ́ ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá sórí tábìlì, yóò sì máa fi téèpù dúdú lẹ ọ̀nà bàbà kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀. Ìlọ́po méjì tàbí mẹ́rin ìwọ̀n gidi ni wọ́n sábà máa ń yà á, kámẹ́rà yóò sì sọ ọ́ di kékeré lẹ́yìn náà. Bí ẹ̀yà kan bá yí padà, ó di kí wọ́n ṣí téèpù kí wọ́n tún un lẹ̀.

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, veroboard ló gba ipò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Pátákó tí wọ́n ti lu ihò sí lọ́gbọọgba ni, tí ìlà bàbà sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gé ìlà náà níbi tí kò fẹ́ kí iná dé, yóò sì fi wáyà so ibi tó fẹ́. Títí di ìsinsìnyí, veroboard ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Kò wọ́n, ó wà lọ́jà, kò sì nílò iná NEPA láti ya á. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn lè ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ogún irú ẹ̀rọ kan náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà ogún.

Sọ́fítíwíà Dé

Àwọn ọdún 1980 ni kọ̀ǹpútà kékeré ti dé ọwọ́ aráàlú ní òkè òkun. Ọdún 1985 ni OrCAD bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn kan náà ni Nicholas Martin bẹ̀rẹ̀ Protel ní Tasmania, ilẹ̀ Australia, èyí tó yí orúkọ padà sí Altium ní 2001. Ní 1988, CadSoft gbé EAGLE jáde ní Jámánì. Orúkọ ẹyẹ idì ni wọ́n fún un. Ọdún kan náà ni John Jameson dá Labcenter sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ tó ni Proteus. Ní 1992, Jean-Pierre Charras, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ KiCad. Ẹ jẹ́ kí a sàmì sí èyí: àwọn yòókù jẹ́ iṣẹ́ oníṣòwò, KiCad ló ti ọwọ́ olùkọ́ jáde.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Aṣàmúlò yóò kọ́kọ́ ya àwòrán sákíìtì, níbi tí àmì dúró fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, yóò to àwọn ẹ̀yà náà sórí pátákó, yóò sì la ọ̀nà bàbà láàárín wọn. Sọ́fítíwíà yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀nà méjì ti kan ara wọn. Ní ìparí, yóò tú fáìlì Gerber jáde. Orúkọ Joseph Gerber, tí wọ́n bí ní Vienna tó sì di oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ni fáìlì yìí ń jẹ́. Èyí ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pátákó ń kà, ì báà jẹ́ ní China tàbí ibòmíràn. Àmọ́ Gerber dà bí aṣọ tí a ti rán tán. Ẹni tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ padà sí fáìlì àkọ́kọ́, ìyẹn fáìlì sọ́fítíwíà tó fi yà á.

Proteus àti Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa

Bí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ iná àti ẹ̀rọ ní Nàìjíríà pé sọ́fítíwíà wo ló mọ̀, Proteus ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Proteus lè ṣe ìfarawé sákíìtì kí ènìyàn tó ra ẹ̀yà kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ètò tó kọ sínú ẹ̀yà oníròrí bíi PIC tàbí ti Arduino, kí ó sì rí i lójú kọ̀ǹpútà bí gílóòbù ṣe ń tàn tí mọ́tò sì ń yí. Níbi tí owó ẹ̀yà ti wọ́n, tí èyí tó bá jó kò ní ẹlòmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀, àǹfààní ńlá ni èyí. Àwọn tó ti lò ó tipẹ́ yóò rántí ISIS tí a fi ń ya sákíìtì àti ARES tí a fi ń to pátákó. Ọdún 2013 ni Proteus 8 kó méjèèjì sábẹ́ òrùlé kan.

Ṣùgbọ́n ìrírí náà ní ẹ̀yìn. Ọjà títà ni Proteus, owó òkèèrè ni wọ́n sì ń tà á. Ohun tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kíráàkì, ẹ̀dà tí ẹnì kan ti já títì rẹ̀, tó ń ti orí fláàṣì kan bọ́ sórí òmíràn. Wọn yóò ní kí o pa sọ́fítíwíà tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì kí o tó lè gbé e wọlé. Fáìlì tí a fi ẹ̀dà tuntun ṣe kò ní ṣí lórí ẹ̀dà àtijọ́. Tí iná bá lọ lójijì, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sì tíì fi iṣẹ́ pamọ́, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bá iná lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ lórí kíráàkì kò lè fi ìmọ̀ náà ṣòwò ní gbangba. Kò lè fi í kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láìrú òfin. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ àyálò kì í yẹni.

A kò gbọdọ̀ fi gbogbo ẹ̀bi lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Ilé ẹ̀kọ́ tó fi sọ́fítíwíà kan sínú iṣẹ́ àṣetiléwá láìra láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti fi ọ̀nà kíráàkì han ọmọ. Ẹ̀kọ́ ìwà ni olùkọ́ ń kọ́ni níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun tí Ìtàn EAGLE Kọ́ Wa

Àwọn kan lè sọ pé bí a bá ti rí owó ra láísẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìtàn EAGLE fi hàn pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Fún nǹkan bí ogún ọdún, EAGLE ni ààyò àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ káàkiri ayé. Wọ́n ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí pátákó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 100 mílímítà sí 80 lọ. Fún akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn tó. Fáìlì EAGLE ni wọ́n fi gbé àwòrán àwọn pátákó Arduino àkọ́kọ́ síta fún gbogbo ayé, pátákó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń rà lọ́jà lónìí. Ní 2009, ilé iṣẹ́ Premier Farnell ra CadSoft. Ní 2016, Autodesk rà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di oṣù kìíní 2017, Autodesk yí ọ̀nà ìtà padà. Ẹni tó ti ń rà á lẹ́ẹ̀kan kí ó di tirẹ̀ wá di ẹni tí yóò máa san owó lóòrèkóòrè, bí ẹni ń san owó ilé. Ariwo pọ̀ láàárín àwọn aṣàmúlò. Ní oṣù kẹfà 2023, ilé iṣẹ́ náà kéde pé títà àti àtìlẹ́yìn EAGLE yóò dópin ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà 2026.

Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe olè. Wọ́n sanwó, wọ́n ní láísẹ́ǹsì, síbẹ̀ ilẹ̀ yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kí ló gba iṣẹ́ wọn là? Láti nǹkan bí ọdún 2012 ni fáìlì EAGLE ti di ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè ṣí kí ó sì kà. Nítorí náà, nígbà tí KiCad 5 jáde ní 2018, ó lè ṣí fáìlì EAGLE. Àwọn aṣàmúlò kó ẹrù wọn, wọ́n sì ṣí lọ. Bí fáìlì náà bá jẹ́ àpótí tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ì bá ti di ìtàn.

KiCad: Oore àti Wàhálà Rẹ̀

KiCad jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ṣí ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè wò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in. Láti 2013 ni CERN, ilé ìwádìí ńlá ní Switzerland, ti ń ràn án lọ́wọ́. Ní 2019, ó bọ́ sábẹ́ ìṣọ́ Linux Foundation. Kò sí ààlà fún ìwọ̀n pátákó. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. KiCad 6, tó jáde ní oṣù kejìlá 2021, lè ṣí fáìlì Altium pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé kò ní wàhálà ń tan wa. Fáìlì tí a ó fi gbé e wọ Windows ju gígábáìtì kan lọ, owó dátà sì ni fún akẹ́kọ̀ọ́. Kò lè ṣe ìfarawé ẹ̀yà oníròrí bí Proteus ṣe ń ṣe é. Ohun tó sì máa ń da olùbẹ̀rẹ̀ láàmú jù ni pé KiCad ya àmì sọ́tọ̀ kúrò lára ipasẹ̀. Àmì ni àwòrán rẹsítọ̀ nínú ìwé. Ipasẹ̀ ni ibi tí ẹsẹ̀ rẹsítọ̀ náà yóò tẹ̀ lórí pátákó gidi. Aṣàmúlò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ so méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ti Proteus wá máa ń kùn sí èyí.

Lójú olùkọ́, ibi ìkùnsínú yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Rẹsítọ̀ kan náà lè wá ní ìwọ̀n oríṣiríṣi. Atúnnǹkanṣe ní Kabala Doki mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀yà tó tú lára bọ́ọ̀dù àtijọ́ ló sábà máa ń lò, ó sì gbọ́dọ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó kì í bọ ihò. Sọ́fítíwíà tó ń béèrè ipasẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń mú un ronú bí oníṣẹ́ gidi.

Ipò Èdè

Ọ̀rọ̀ bí àmì àti ipasẹ̀ tí a lò lókè yìí gbé wa dé ọ̀dọ̀ èdè. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Àkànṣe Ọdún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Àwọn onímọ̀ èdè bíi Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì náà sì ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí. Ọ̀nà wọn fi hàn pé kì í ṣe dandan kí a dá ọ̀rọ̀ tuntun fún gbogbo nǹkan. Ohun tó ti wà lẹ́nu oníṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ gbọ́.

Àwọn atúnnǹkanṣe tó ń sọ Yorùbá ti ní ẹsẹ̀ fún ibi tí ẹ̀yà ti ń wọ bọ́ọ̀dù, lẹ́ẹ̀dì fún ohun tí a fi ń jó o mọ́lẹ̀. A lè fi ọ̀nà bàbà kún un, àti ihò àlujá fún ihò tó so ojú pátákó méjèèjì pọ̀. Ní Kàdúná, Hausa ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ jù, nítorí náà iṣẹ́ kan náà ń dúró de àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka Hausa. Nínú sọ́fítíwíà oníṣòwò, àwa kọ́ la ó pinnu bóyá èdè wa yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà. Nínú KiCad, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe ìtumọ̀ sí àwọn èdè ayé, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní sùúrù lè ṣe é.

Àbá

Lórí ohun tí a ti sọ, a dábàá pé:

1. Kí ẹ̀ka iná àti ẹ̀rọ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fi sọ́fítíwíà tí ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ṣe irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ ìfarawé Proteus, kí ó ra láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún yàrá iṣẹ́, kí ó má fi sílẹ̀ fún kíráàkì.

2. Kí ilé ẹ̀kọ́ gba KiCad lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa pín in fún akẹ́kọ̀ọ́ lórí fláàṣì. Òfin gbà á láàyè, owó dátà yóò sì dínkù.

3. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi fáìlì àkọ́kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró.

4. Kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka ẹ̀rọ jọ jókòó kó àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jọ ní Yorùbá, Hausa àti Igbo, láti ẹnu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Àgbálọgbábọ̀

Láti orí téèpù dúdú dé veroboard, láti veroboard dé Proteus, EAGLE àti KiCad, irinṣẹ́ ń yí padà, ilé iṣẹ́ ń ra ara wọn. Ohun tí kò yí padà ni pé oníṣẹ́ tí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn yóò dúró lọ́jọ́ tí ẹni náà bá ti ilẹ̀kùn. Olùkọ́ tí à ń rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìgbèríko kò ní ẹni tí yóò bá a ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ jẹ́ kí a fún un ní irinṣẹ́ tí yóò bá a délé, tí yóò ṣí nígbàkúùgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì lè fi lé àwọn ọmọ tirẹ̀ náà lọ́wọ́ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni.